Ẹ Má Ṣi Ọ̀rọ̀ "Ọmọ Òrukàn" Lò

Ẹ̀yin tí ẹ ń túmọ̀ ìròyìn, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó kọ "aláìníbaba" tàbí "ọmọ òrukàn" fún orphan èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó kú. Inú Bíbélì ni ọ̀pọ̀ wa ti mọ ọ̀rọ̀ yẹn, "aláìníbaba àti opó", ó sì tọ̀nà níbẹ̀, torí àìsí bàbá ni yatom èdè Hébérù ń sọ. Ẹ wo bí ìwé Ẹ́sítérì ṣe là á mọ́lẹ̀ pé Ẹ́sítérì kò ní bàbá, kò sì ní ìyá. Yatīm inú Kùránì náà, ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú kó tó bàlágà ni. Bó bá jẹ́ ìyá ọmọ ló kú, tí ẹ sì kọ "aláìníbaba", ẹ ti pa bàbá tó ń jí lọ oko nítorí rẹ̀.

"Ọmọ òrukàn" náà ní ewu tirẹ̀. Létí ọ̀pọ̀ wa, ẹni tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ti kú ni. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ UNICEF, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, tí òbí rẹ̀ kan tàbí méjèèjì ti kú, ni orphan. Púpọ̀ nínú wọn ló ṣì ní òbí kan láyé. Tí ẹ bá kọ iye wọn láìṣàlàyé, òǹkàwé á rò pé kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn wọn.

Ọmọ tí wọ́n gbé jù sétí títì ńkọ́? Ẹ má pè é ní òrukàn. Ìyá rẹ̀ lè wà láàyè.

Èyí tó ń dùn mí jù ni kí olùkọ́ dúró níwájú kíláàsì, kó ní kí "àwọn ọmọ òrukàn" jáde wá gba ìwé ọ̀fẹ́. Ọmọ yẹn ní orúkọ. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àbúrò bàbá rẹ̀ ló ń tọ́ ọ, tí òun náà ń pè é ní bàbá láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Ẹ pè é sẹ́yìn, kí ẹ fún un ní jẹ́jẹ́.

Nínú ìmọ̀ ìṣègùn, ẹ tún ṣọ́ra. Ní 1983, Amẹ́ríkà ṣe òfin Orphan Drug Act. Bí ẹ bá pè é ní òfin oògùn ọmọ òrukàn, ìyá àgbà kan á ti gbéra láti lọ gbà á fún ọmọ-ọmọ rẹ̀. Oògùn àìsàn tí kò wọ́pọ̀ ni, èyí tí kò kan tó 200,000 ènìyàn lọ́hùn-ún, tí àwọn iléeṣẹ́ kì í fẹ́ ṣe torí èrè rẹ̀ kéré. Ẹ pè é bẹ́ẹ̀.