Bí Àlejò Láti Oko Ṣe Lè Bọ́ Lọ́wọ́ Gbájúẹ̀ ní Ìlú Ńlá

Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran. Síbẹ̀, kì í ṣe àìgbọ́n ló ń mú ará oko kó sọ́wọ́ gbájúẹ̀. Nílé, ẹni tó bá kí i tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó mọ ìdílé rẹ̀. Ní ìlú ńlá, ẹni tó kọ́kọ́ kí i gan-an lè jẹ́ ẹni tó ń ṣọ́ àpò rẹ̀.

Kí ẹ tó kúrò nílé ni kí ẹ ti múra sílẹ̀. Ẹ kọ àdírẹ́sì ibi tí ẹ ń lọ àti nọ́ńbà ẹni tó máa pàdé yín sínú ìwé, torí bátìrì fóònù lè kú. Ẹ bi í ní iye owó ọkọ̀ láti gáréèjì dé ilé rẹ̀. Owó ọkọ̀ àti oúnjẹ nìkan ni kó wà lápò òde, ìyókù wà lábẹ́ aṣọ.

Tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ má dúró sójú kan kí ẹ máa wò kiri. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ ti pe ẹni yín níbẹ̀. Tí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ̀yin ni kí ẹ yan ẹni tí ẹ máa bi. Ẹni tó bá wá fúnra rẹ̀ láti ràn yín lọ́wọ́, ẹ má gbé ẹrù tàbí fóònù lé e lọ́wọ́.

Ọgbọ́n kan wà tó ti pẹ́, tó ṣì ń pa èèyàn lẹ́kún. Ọkùnrin kan á he ìdì owó níwájú yín. Kí ẹ tó sọ̀rọ̀, ẹlòmíì á yọ, á ní òun náà rí i, kí ẹ̀yin mẹ́ta pín in. Wọ́n á ní kí oníkálukú mú owó tirẹ̀ wá, kó lè hàn pé kò ní tú àṣírí. Wọ́n á di gbogbo rẹ̀ sínú áńkáṣíìfù, wọ́n á so ó ní kókó, wọ́n á ní kí ẹ̀yin dì í mú, àwọn ń bọ̀. Ìgbà tí ẹ bá máa tú u, bébà ni. Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ lójú yín, àwọn méjèèjì sì ti jọ mọra látilẹ̀. Bákan náà ni ayò káàdì mẹ́ta ojú títì: àwọn tí ẹ rí tó ń jẹ owó níbẹ̀, ara àwọn gbájúẹ̀ náà ni wọ́n.

Kì í ṣe ojúkòkòrò nìkan ni wọ́n fi ń mú èèyàn, ìtìjú náà wà ńbẹ̀. Lọ́dún 1849, wọ́n mú gbájúẹ̀ kan tó ń jẹ́ William Thompson ní New York, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ṣe ló máa ń múra dáadáa, á bi àjèjì bóyá ó lè fọkàn tán òun, kó fi aago rẹ̀ sílẹ̀ fún òun di ọ̀la. Àwọn èèyàn sì ń fún un! Ó ṣòro láti wo ojú ẹni kí ẹ ní ẹ ò gbà á gbọ́. Nítorí náà, ẹ ti mú ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀: "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ pe ọmọ mi." Kí ẹ sì máa rìn lọ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́. Bí ẹni tó dá yín dúró bá ní kò sáyè ìyẹn, pé ojú ẹsẹ̀ ni, ẹ ti mọ irú ẹni tó jẹ́.

Bó bá ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ẹ pe báńkì yín lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n ti káàdì pa, lẹ́yìn náà ẹ gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ, kí ẹ sọ aṣọ tí wọ́n wọ̀ àti ibi tí wọ́n gbà lọ. Ẹ má fi pamọ́ fún ará ilé nítorí ojútì. Ẹni tó bá sì wá ní òun á bá yín gba owó náà padà, pé kí ẹ kàn san nǹkan díẹ̀ ná, ẹ má dá a lóhùn.