Bí A Ṣe Ń Tú Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Omi Tó Ti Jáàmù Sílẹ̀

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tó ti wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù tàbí ọdún láìṣiṣẹ́ lè jáàmù débi pé kò ní yí rárá. Ìpẹtà ló sábà máa ń fà á. Ọ̀rinrin á gba ojú èéfín àti fáàfù (ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ àti èéfín) tó ṣí sílẹ̀ wọ inú sílíńdà, ìyẹn ihò tí písítìnì ti ń lọ tó ń bọ̀, ara sílíńdà á dípẹtà, àwọn rínǹgì, ìyẹn òrùka irin tó yí písítìnì ká, á sì lẹ̀ mọ́ ọn, pàápàá bí omi oníyọ̀ bá ti débẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ṣì ṣeé gbà là. Agbára tí a fi ìkánjú lò ló máa ń ba èyí tí ìpẹtà ìbá dá sí jẹ́.

Kí ẹ tó da ohunkóhun sínú rẹ̀, ẹ rí i dájú pé ẹ́ńjìnnì gan-an ló jáàmù. Ẹ tú wáyà orí bátìrì, ẹ fi gíà sí níútírà, ẹ yọ bẹ́líìtì, kí ẹ sì fọwọ́ yí pọ́ńpù omi àti ọ́tánétọ̀ (èyí tó ń ṣaájì bátìrì) lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ọ̀kan nínú wọn lè gan kó sì di gbogbo rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ gbogbo plọ́ọ̀gì, èyí tó ń ṣáná sínú sílíńdà. Bó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì dísù, nọ́súlù, èyí tó ń fọ́n dísù sínú sílíńdà, ni ẹ ó yọ. Bí ẹ́ńjìnnì bá wá yí, tí omi sì tú jáde, omi inú sílíńdà ló dí i lọ́wọ́, nítorí pé omi kò ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Bí kò bá yí, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀.

Rírẹ ẹ́ńjìnnì sínú epo ni iṣẹ́ gidi, òun náà ló sì ń gba sùúrù jù. Ẹ po ásítóònì àti epo gíà ọ́tòmátíìkì ní ìlàjì-ìlàjì, kí ẹ sì mi ín dáadáa kí ẹ tó dà á, nítorí pé àwọn méjèèjì máa ń yà sọ́tọ̀. Ásítóònì máa ń tètè gbiná: ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, kí iná kankan má sì sí nítòsí. Ẹ da àdàlú yìí sínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan títí yóò fi bo orí písítìnì. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí a ń gbé kọ́ sẹ́yìn ọkọ̀, sílíńdà dùbúlẹ̀ ni, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ tẹ́ ẹ́ńjìnnì náà kí ihò plọ́ọ̀gì kọjú sókè. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, epo kò ní bo písítìnì. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, tàbí ju ọ̀sẹ̀ kan lọ bí ìpẹtà bá pọ̀, kí ẹ máa fi kún un bó ti ń lọ sílẹ̀. Sílíńdà tí epo rẹ̀ kò dín kù rárá ló ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tó di ẹ́ńjìnnì mú. Àmọ́ epo tó dín kù lè ti gba fáàfù tó ṣí jáde, nítorí náà ẹ má tètè yọ̀.

Nígbà tó bá tó àkókò láti yí i, ẹ fi sọ́kẹ́ẹ̀tì àti irin gígùn sí nọ́ọ̀tì iwájú kíráńkì (ọ̀pá irin tí àwọn písítìnì ń yí), kí ẹ sì tì í síhà tí ẹ́ńjìnnì máa ń yí sí. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí fuláwíìlì, ìyẹn àgbá irin wíwúwo tó ń bá kíráńkì yí, kí ẹ lè rí ìyípadà tó kéré jù lọ. Bó bá mì díẹ̀, ẹ dá a padà díẹ̀, kí ẹ tún tì í, kí ẹ sì tún da epo sí i. Ẹ má ṣe fipá yí i. Mo bẹ̀ yín, ẹ má lo sítátà fún iṣẹ́ yìí: ó lè jó, ó sì lè kán eyín fuláwíìlì. Bí ẹ bá rẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta tí kò mì, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì ṣí orí ẹ́ńjìnnì náà.

Tó bá ti yí láìdúró, ẹ rí i pé epo tó ṣẹ́kù nínú sílíńdà jáde tán kí ẹ tó dá plọ́ọ̀gì padà. Ẹ fi àkísà bo àwọn ihò náà, ẹ já wáyà tó ń gbé iná lọ sí plọ́ọ̀gì, kí ẹ sì yí ẹ́ńjìnnì. Bó bá ní àpótí epo nísàlẹ̀, ẹ da epo ibẹ̀ nù kí ẹ pààrọ̀ fílítà, nítorí pé àdàlú yẹn ti kọjá rínǹgì lọ síbẹ̀. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà tó ń yí nínú pọ́ńpù omi àti epo táńkì tó ti pẹ́. Ẹ má ṣe tan án láìsí omi tó ń wọlé fún un, nítorí pé rọ́bà náà kò pẹ́ jó lórí gbígbẹ. Èéfín yóò pọ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn tó bá ti ṣiṣẹ́ díẹ̀, ẹ tún epo inú àpótí náà pààrọ̀, kí ẹ sì wò ó: bó bá funfun bí wàrà, omi ń wọ inú ẹ́ńjìnnì, ẹ kò sì gbọdọ̀ tún tan án títí mẹkáníìkì yóò fi mọ ibi tó ń gbà wọlé.