Ẹ Má Tíì Pààrọ̀ Pọ́ọ̀lì Yẹn: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Títún Ẹ̀rọ Òkèèrè Ṣe

Nílùú Ìbàdàn, láti Bódìjà dé Gate, bí ẹ̀rọ ìlọ-nǹkan tó ti òkèèrè wá bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù, wẹ́dà á jó irin kún un. N ò bá wọn jà. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ fún àgbàdo lókè òkun kò mọ̀ pé gbodo la fẹ́ fi í lọ̀. Àìwọn ohunkóhun ṣáájú àtúnṣe àti lẹ́yìn rẹ̀ ló ń jẹ owó.

Eré ló ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Ẹ jẹ́ ká ní pọ́ọ̀lì mọ́tò, ìyẹn kẹ̀kẹ́ irin tí bẹ́líìtì ń yí lé lórí, fẹ̀ ní ínṣì 4, ti ẹ̀rọ fẹ̀ ní ínṣì 8. Bí mọ́tò bá yí ní ìgbà 1,450 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ̀rọ á yí 725. Ẹ fi pọ́ọ̀lì ínṣì 6 sára ẹ̀rọ, ó di bíi 967. Inú á dùn, nítorí gbodo ń tán kíákíá. Ṣùgbọ́n bẹ́ríǹnì á gbóná, bẹ́líìtì á máa jábọ́, èlùbọ́ á sì máa jáde pẹ̀lú ooru. Bí wọ́n bá dì í sápò bẹ́ẹ̀, oru inú rẹ̀ á di omi nínú ọ̀rá, èlùbọ́ á bu. Tí oníbàárà bá wá dá a padà, ṣé eré ló máa san owó rẹ̀?

Àwọn mìíràn á fún ọlọ irin méjèèjì mọ́ra kí ó lè kúnná. Irin ń ha irin nìyẹn. Ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì ra inú èlùbọ́ náà, ẹ ó rí ohun tí à ń jẹ.

Ẹ ka àkọlé ara mọ́tò tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà kí ẹ tó sọ pé ó ti rẹ̀. Iná tiwọn jẹ́ 60 Hz, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan; tiwa jẹ́ 50. Mọ́tò tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ó ń yí ní ìgbà 1,750 ní ìṣẹ́jú kan kì í ju bíi 1,450 lọ níbí. Ẹni tí kò ka àkọlé yẹn á san owó wáyà bàbà láti tún mọ́tò dì lásán.

Ti yíyọ ìbòrí bẹ́líìtì dà nù, kò gba àlàyé. Ìka kì í hù padà.

Èyí tó dùn mí jù ni pé àtúnṣe tó dáa kì í kúrò lórí ọ̀gá kan ṣoṣo. Ní 1962, Kenneth Arrow, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé ìmọ̀ tí à ń rí lẹ́nu iṣẹ́ ló ń mú kí iṣẹ́ máa méso jáde sí i. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá kú pẹ̀lú ìmọ̀ tirẹ̀ lórí ńkọ́? Ẹ ra ìwé kékeré. Ẹ kọ àpò tó jáde, lítà dísù tó lọ àti àpò tí wọ́n dá padà, fún ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú àtúnṣe àti ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má yí nǹkan méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Ẹ má sì tíì ta pọ́ọ̀lì àtijọ́ fún àwọn tó ń ra irin àlòkù.