Ẹ Ń Ṣe Orin Fíìmù Ilẹ̀ Yìnyín? Ẹ Ṣọ́ra Fún Àwọn Àṣìṣe Wọ̀nyí

Bí yìnyín bá ti yọ lójú fíìmù báyìí, agogo wẹ́wẹ́ ni ọ̀pọ̀ olórin ń sáré gbé. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Celesta, ìyẹn dùùrù kékeré tó ń lu irin pẹlẹbẹ, ń dún wínrín-wínrín bíi gíláàsì lóòótọ́, àmọ́ tó bá ń dún láìsinmi, orin Kérésìmesì ló máa dà, kì í ṣe ilẹ̀ tó lè pa èèyàn.

Ti fáyólìn ló ń ká mi lára jù. Wọ́n á kọ orin tó tutù sórí ìwé, wọ́n á wá jẹ́ kí àwọn tó ń ta á máa gbọn ìka lórí okùn. Gbígbọn yẹn ló ń mú ohùn lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ẹni tó ń kọrin ìfẹ́. Ẹ ní kí wọ́n ṣíwọ́. Kí ìka kan okùn fẹ́rẹ́ ní ìdajì gígùn rẹ̀, kó má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀: ohùn ìsàlẹ̀ á pòórá, èyí tó ga ní ìlọ́po méjì á ṣẹ́ kù, tín-ín-rín, bíi súfèé láti òkèèrè. Tí wọ́n bá sì fa okùn létí igi tó gbé e ró gan-an, ohùn á máa há bí èékánná lára yìnyín.

Ìgbà ooru ni wọ́n ya ogun orí yìnyín inú fíìmù Alexander Nevsky (1938). Ohùn híhá yìí wà lára ohun tí Prokofiev, tó kọ orin fíìmù náà, fi mú òtútù wọ ibẹ̀.

Ẹ má sì kó gbogbo ohùn sókè. Àárín ni kí ẹ yọ. Ẹ jẹ́ kí ìsàlẹ̀ máa kùn. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ni etí ń gbọ́ bí ilẹ̀ tó tẹ́ lọ rẹrẹ.

Olórin Vaughan Williams lo ẹ̀rọ tó ń dún bí ìjì nínú orin fíìmù Scott of the Antarctic (1948), pẹ̀lú ohùn obìnrin tí kò sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ó dáa. Àmọ́ tí ẹni tó ń ṣe ìró fíìmù bá ti fi ìjì tirẹ̀ sí i, ìjì méjì á máa jà lójú kan ṣoṣo. Ẹ kọ́kọ́ bi í.

Gbohùngbohùn, ìyẹn ohùn tó ń ta padà bíi nínú ihò, ńkọ́? Èmi náà ti dà á sórí pápá òjò dídì rí bí ẹni da omi. Àṣìṣe ni. Òjò dídì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ kún fún afẹ́fẹ́, ó ń mu ohùn ni. Ẹni tó dúró síbẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ èémí ara rẹ̀ nìkan. Ẹ fi gbohùngbohùn pamọ́ di ìgbà tí kámẹ́rà bá wọ inú ihò yìnyín.