Bí mo ṣe fi eérú àti èso dóńgóyárò dán kòkòrò inú àgbàdo wò ní Kétu

Ìparí oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá ni mo gbin àgbàdo àkókò kejì sórí ilẹ̀ pupa bàbá wa, lẹ́yìn ìlú Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, téèyàn bá ti kọjá Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, tó sì rìn díẹ̀ sí i. Ó hù dáadáa, inú mi dùn. Kò ì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo rí i pé ewé ti lu jálajàla, mo wá là ọkàn ọ̀kan wò, ìyẹn ibi tí ewé tuntun ti ń yọ, ìgbẹ́ kòkòrò kún ibẹ̀ fọ́fọ́ bí ìyẹ̀ pákó tí omi ta sí. Mo fi igi tín-ínrín tú u, òun fúnra ẹ̀ sì nìyẹn tó ká jọ sísàlẹ̀. Ẹ wojú ẹ̀ dáadáa tẹ́ ẹ bá rí i: ilà funfun kan wà níwájú orí ẹ̀ tó dà bíi lẹ́tà Y tí wọ́n dorí ẹ̀ kodò, bẹ́ ẹ bá sì wo ìdí ẹ̀, nítòsí ìrù, àmì dúdú mẹ́rin ló tò síbẹ̀ bí ẹsẹ̀ àpótí ìjókòó. Tẹ́ ẹ bá ti rí méjèèjì yẹn, òun ni, èyí tí àwọn olóyìnbó ń pè ní fall armyworm, táwọn tó ń sọ Faransé ní tiwa ń pè ní chenille légionnaire.

Kòkòrò yìí kì í ṣe tiwa o. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, àwọn bàbá wa ò mọ̀ ọ́n rárá. Ọdún 2016 ló fara hàn ní Áfíríkà, àwọn onímọ̀ kòkòrò ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA tí ibùdó wọn wà ní Calavi lẹ́bàá Kútọnù sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti wà ní Benin, Nàìjíríà, Tógò àti São Tomé. Ìyá ẹ̀ tó dà bíi labalábá, òru ló ń fò, ó sì lè fò tó 100 kìlómítà lóru ọjọ́ kan. Ẹyin tó ń yé lẹ́ẹ̀kan máa ń tó 100 sí 200, ó sì máa ń fi irun ara ẹ̀ bò ó lórí ewé. Báwọn ọmọ bá ti dàgbà díẹ̀ wọ́n a máa jẹ ara wọn, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nínú ọkàn àgbàdo kan, ọ̀kan tàbí méjì péré lẹ máa bá, èyí tó sanra jù.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n lọ ra oògùn. Mo mọ oògùn tó ń sọ, inú ìgò omi ni wọ́n ń bù ú sí, kò sórúkọ lára ẹ̀, kò sọ́jọ́, ẹni tó ń tà á náà ò lè sọ ohun tó wà níbẹ̀. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn èmi náà ti fín irú ẹ̀, orí fọ́ mi fún ọjọ́ méjì, kòkòrò ò kú, torí pé tó bá ti wọ inú ọkàn àgbàdo tán, ìgbẹ́ ẹ̀ ló fi ń dí ẹnu ọ̀nà, oògùn ò ní débẹ̀. Ohun tí oògùn yẹn máa ń pa ni àwọn agbọ́n kéékèèké tó ń bá wa jà. Agbọ́n kan wà tí wọ́n ń pè ní Telenomus remus, kò tó orí abẹ́rẹ́, inú ẹyin kòkòrò yìí ló ń yé ẹyin tiẹ̀ sí, tí ẹyin ọ̀hún ò sì ní lè pa mọ́. Àwọn olùwádìí ti rí i níbí ní Benin, wọ́n kọ ọ́ jáde lọ́dún 2019. Ta ni yóò mọ̀ọ́mọ̀ pa irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lóko ara ẹ̀?

Gbogbo èèyàn ní Kétu ló ń sọ pé eérú dáa. Àwọn kan ní dóńgóyárò ló dáa. Mo ti fẹ́ kó eérú jáde ní kíṣìnnì kí n máa bù ú sí gbogbo oko, àfi ìgbà tí ọmọ àbúrò ìyá mi dé, ọmọbìnrin tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà níbí ní Kétu, ó bi mí ní ìbéèrè kan: "Bùrọ̀dá, tẹ́ ẹ bá bù ú sí gbogbo ẹ̀ tí àgbàdo bá wá dáa, kí lẹ máa fi wé e? Ṣé eérú ló ṣe é ni àbí òjò?" Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Lóòótọ́, a ti ń bu eérú láti 2017, a ò sì mọ̀ bóyá òun ló ń ṣiṣẹ́.

Bá a ṣe ṣe é nìyí. A mú abala 15 nínú oko, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà mẹ́rin níbùú àti mẹ́rin lóròó, a ri èèkàn mọ́lẹ̀ a sì ta okùn yí i ká. Àgbàdo mi, 80 sẹ̀ǹtímítà ni mo fi sáàárín ìlà, 40 láàárín ihò, èso méjì méjì nínú ihò, nítorí náà abala kan ní àgbàdo 100. Oko wa da gẹ̀rẹ́, apá ìsàlẹ̀ máa ń mu omi ju ti òkè lọ, tẹ́ ẹ bá wá fi gbogbo eérú sókè tẹ́ ẹ fi gbogbo dóńgóyárò sísàlẹ̀, ilẹ̀ lẹ dán wò, ẹ ò dán oògùn wò. A wá pín in sí ìsọ̀rí márùn-ún láti òkè wálẹ̀, abala mẹ́ta mẹ́ta nínú ìsọ̀rí kan: ọ̀kan eérú, ọ̀kan dóńgóyárò, ọ̀kan a ò ní fọwọ́ kàn án rárá. A kọ ọ́ sí bébà, a ká a, a dà á sínú fìlà mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ló ń mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó yàn fúnra ẹ̀, èmi gan-an ò yàn, torí mo mọ̀ pé ọkàn mi wà lọ́dọ̀ dóńgóyárò, mi ò bá ti gbé e síbi tó dáa.

Dóńgóyárò, èso ẹ̀ ni o, kì í ṣe ewé, torí inú èso ni agbára ẹ̀ pọ̀ sí jù. Mo ti ṣà á lábẹ́ igi tẹ́lẹ̀, mo fọ ara ẹ̀ kúrò, mo sá a síbi òjìji, kì í ṣe oòrùn, èyí tó bu mo dà á nù. Mo wọn ìlàjì kílò, mo gún un lódó, mo dà á sínú aṣọ, mo so ó, mo rì í sínú omi lítà 10 títí ilẹ̀ fi mọ́. Kó tó di pé a fín in la fún un, tá a sẹ́ ẹ, tá a wá po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ ọn kó lè lẹ̀ mọ́ ewé. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ sókè la máa ń fín in, torí oòrùn máa ń ba agbára ẹ̀ jẹ́ kíákíá, ìrọ̀lẹ́ sì ni kòkòrò yẹn ń jáde wá jẹun.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ò lọ bó ṣe yẹ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sẹ́ ẹ, ẹnu páǹpù dí, mo ń tú u mo ń fẹnu fẹ́ ẹ, ìgbà tá a fi máa parí ilẹ̀ ti ṣú, òjò sì rọ̀ lóru ọjọ́ náà gan-an, ó fọ gbogbo ẹ̀ lọ. Owó ò bá a lọ ṣùgbọ́n àárẹ̀ ń kọ́? Lẹ́yìn ọjọ́ méjì a tún un ṣe, a fi aṣọ méjì sẹ́ ẹ. Òjò yẹn fọ eérú náà lọ, a tún ìyẹn náà bù. Eérú, a jọ̀ ọ́, a po ó pọ̀ mọ́ iyanrìn gbígbẹ bákan náà, ìwọ̀n tí ìka mẹ́ta lè mú la ń fi sínú ọkàn àgbàdo kọ̀ọ̀kan. Níbi tí ọwọ́ mi ti wúwo jù, etí ewé pọ́n díẹ̀, nítorí náà ẹ ṣọ́wọ́ o. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan a tún ṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì fún méjèèjì.

Ohun tó ṣòro jù ni kíkà. Àgbàdo 20 la ń kà ní àárín abala kọ̀ọ̀kan, a ò ka ti etí, torí oògùn abala kejì lè fẹ́ kàn án. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kà á lẹ́yìn ìtọ́jú, ó jọ pé kò sóhun tó yí padà níbì kankan, ọkàn mi bà jẹ́, àfìgbà tí ọmọ àbúrò ìyá mi tó wà ní yunifásítì yẹn sọ fún mi pé ihò àtijọ́ ni mò ń kà. Ewé tó ti lu ò ní dí mọ́. Ewé tó yọ kẹ́yìn lẹ máa wò, àti ìgbẹ́ tó ṣì tutù. Mo padà lọ kà á látìbẹ̀rẹ̀, gbogbo ẹ̀.

Dóńgóyárò ò ní pa á lójú ẹsẹ̀ o, kẹ́ ẹ má bàa rò pé ẹ ti ṣàṣedànù. Ọjọ́ kejì mo ṣì bá kòkòrò láàyè nínú ọkàn àgbàdo. Ṣùgbọ́n kò jẹun mọ́. Lọ́jọ́ kẹrin mo là ọ̀kan, mo bá a tó ń gbìyànjú láti bọ́ awọ, awọ àtijọ́ ti là lórí ṣùgbọ́n ó há sí i nídìí, kò lè jáde níbẹ̀, ó ti rọ pátápátá. Mo ti ka irú ẹ̀ rí pé ohun tó wà nínú èso yẹn máa ń dí i lọ́wọ́ láti jẹun àti láti bọ́ awọ, kí n fojú ara mi rí i lórí àgbàdo ara mi, ìyẹn tún yàtọ̀.

Láàárín àkókò yìí ni Ìyá Ìbejì, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, lọ sóko lọ já ilá, ó rí àwọn abala tá a fi sílẹ̀, àánú ẹ̀ ṣe é, ó bu eérú sí ọ̀kan títí dé ìkangun. Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ má bínú, mo rò pé ẹ gbàgbé ẹ̀ ni." Kí ni mo fẹ́ wí? Ẹni tó ń ṣe ẹ́ lóore. Ṣùgbọ́n ìsọ̀rí yẹn ti bà jẹ́, mo yọ gbogbo ẹ̀ kúrò nínú ìwé, ó ku mẹ́rin. Mo wá jókòó, mo ṣàlàyé fún gbogbo ilé pé abala tá a fi sílẹ̀ yẹn ló máa sọ òótọ́ fún wa, bá a bá tọ́jú ẹ̀ a ti dí i lẹ́nu nìyẹn. Ìyá mi gbọ́ ọ jù wọ́n lọ. Òun ló ń lé àwọn èèyàn kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Ìsọ̀rí mẹ́rin, àgbàdo 20 nínú abala kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 80 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ká tó fín ohunkóhun, kòkòrò wà lára 31 nínú àwọn tá a máa fi sílẹ̀, 29 níbi eérú, 33 níbi dóńgóyárò, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìtọ́jú kejì, ibi tá a fi sílẹ̀ ti di 47, eérú 30, dóńgóyárò 17. Nígbà tá a kórè lóṣù kejìlá, tá a sá a gbẹ tá a sì yìn ín, abala mẹ́rin tá a fi sílẹ̀ fún wa ní kílò 13.1, eérú 15.4, dóńgóyárò 16.2.

Ẹ jẹ́ ká wo nọ́ńbà yẹn pa pọ̀. Tẹ́ ẹ bá wo kòkòrò nìkan, dóńgóyárò fi eérú sílẹ̀ sẹ́yìn gan-an, ṣùgbọ́n lórí òṣùwọ̀n wọn ò jìnnà síra wọn, kódà nínú ìsọ̀rí kan eérú ló wúwo jù. Àgbàdo tí wọ́n jẹ ewé ẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré lè gba ara ẹ̀ padà bí òjò bá bá a mu, nítorí náà ewé lílu nìkan ò tó láti bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Ohun tí mo lè dìrọ̀ mọ́ ni pé dóńgóyárò ju abala tá a fi sílẹ̀ lọ nínú ìsọ̀rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Láàárín òun àti eérú, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí abala mẹ́rin mẹ́rin.

Omi ló wá kù. Lítà 10 ló tó mi fún àgbàdo 500. Hẹ́kítà kan bí mo ṣe gbìn ín yẹn jẹ́ àgbàdo 62,500, ẹ ṣírò ẹ̀, lítà 1,250 nìyẹn fún ẹ̀ẹ̀kan, àti èso dóńgóyárò kílò méjìlélọ́gọ́ta àbọ̀. Ní Kétu! Níbi tá a ti ń tò síwájú kànga nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ìyá mi ń ka ike omi bí ẹní ń ka owó. Nítorí náà ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo ń rìn yí oko ká lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ látìgbà tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì tó hù, èyí tí mo bá rí ìgbẹ́ tútù lọ́kàn ẹ̀ nìkan ni mò ń fún ní dóńgóyárò, bí mo bá sì rí ẹyin lórí ewé mo fi ọwọ́ rún un níbẹ̀. Ní oko wa kejì tó jìnnà, tó jẹ́ pé zẹmijan, ìyẹn ọlọ́kadà, ló ń gbé omi débẹ̀, eérú àti iyanrìn ni, ìyẹn ò bèèrè omi.

Ọdún yìí a tún ta okùn. Ìsọ̀rí mẹ́fà ni lọ́tẹ̀ yìí, dóńgóyárò ẹ̀ẹ̀kan, dóńgóyárò ẹ̀ẹ̀mejì àti abala tí a ò fọwọ́ kàn, torí bí ẹ̀ẹ̀kan bá tó, ìdajì omi yẹn ti kúrò lọ́rùn wa. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra ẹ̀ ló ri èèkàn, Ìyá Ìbejì sì ti so aṣọ pupa mọ́ àwọn abala tẹ́nikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ bu nǹkan sí.