Bí Ọmọ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ṣe Lè Fi Iṣẹ́ Ọwọ́ Jábọ̀ Ìwé Tó Kà

Nígbà tí a bá ní kí ọmọ kíláàsì kẹta tàbí ìkẹrin jábọ̀ ìwé tó kà, ohun tó sábà máa ń ṣe ni pé yóò da ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìwé náà kọ, yóò fi kún un pé ìwé náà dùn, yóò sì gbé e fún olùkọ́. Mo ti gba irú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ní Àkúrẹ́ níbí. N kò dá ọmọ lẹ́bi, nítorí pé ìbéèrè tí a bi í kò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, iṣẹ́ ọwọ́ yòówù tí a bá fún un, ó gbọ́dọ̀ ní apá kan tí ẹni tí kò ka ìwé náà kò ní lè ṣe.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni páálí ìtàn. Ẹ wá páálí bàtà kan. Àwọn oníbàtà ní Ọjà Ọba sábà máa ń ní èyí tí wọn kò lò mọ́. Kí ọmọ náà kó nǹkan márùn-ún tó jẹ mọ́ ìtàn náà sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe ya àwòrán ẹ̀dá ìtàn kankan. Bí ìtàn náà bá dá lórí ọmọkùnrin tó bá ìyá àgbà rẹ̀ lọ sóko kòkó, tí owó tí wọ́n fi rán an sì jábọ́ lọ́nà, èèpo kòkó, àpò ṣòkòtò tó ya àti okùn tí wọ́n fi di ẹrù lè wà níbẹ̀. Fún nǹkan kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ ọ́ sórí ìwé pélébé ta ló ni ín, ojú-ewé wo ló ti rí i, àti ohun tí ì bá yí padà bí kò bá sí i. Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà. Kí olùkọ́ mú nǹkan kan kúrò nínú páálí, kí ó sì ní kí ọmọ náà tún ìtàn sọ láìsí i. Bí ìtàn bá ṣì lọ geere, nǹkan náà kò yẹ níbẹ̀, kí ọmọ náà padà sínú ìwé lọ wá òmíràn.

Àwọn ọmọ tó fẹ́ràn yíyàwòrán lè ya ìtàn gẹ́gẹ́ bí òkè. Púpọ̀ nínú wọn ti gun òkè Ìdànrè, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600, wọ́n sì mọ̀ pé èèyàn a máa dúró sinmi lọ́nà. Kí wọ́n kọ ìṣòro kọ̀ọ̀kan tó bá olú ẹ̀dá ìtàn sórí àtẹ̀gùn, kí wọ́n fi ibi ìsinmi hàn níbi tí ara ti tù ú, kí wọ́n sì pinnu fúnra wọn ibi tí òkè náà ga dé. Ẹ má ṣe retí pé kí òkè ọmọ méjì jọra. Kí ẹ kàn béèrè ìdí.

Ọmọ tí kíkọ̀wé ń dẹ́rù bà lè ka ìròyìn bíi ti rédíò fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹnìkejì rẹ̀ sì ṣe ẹlẹ́rìí tí ọ̀ràn ṣojú rẹ̀. Lẹ́tà gbẹ̀fẹ́ sí ẹ̀dá ìtàn náà dára, pàápàá bí ọmọ bá fẹ́ bá a wí.

Mo bẹ àwọn òbí pé kí wọ́n má ṣe bá ọmọ lẹ nǹkan kan mọ́ páálí. Kí wọ́n bá a wá gọ́ọ̀mù àti àlùmọ́gàjí, kí wọ́n sì gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu rẹ̀ lálẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì tó: ọ̀kan fún kíkà, ọ̀kan fún iṣẹ́. Nínú 20 máàkì, mo máa ń fi 3 péré sílẹ̀ fún ẹwà, kí ọmọ tí kò rí kréyọ̀nù rà má bàa pàdánù.

Lẹ́yìn tí gbogbo wọn bá ti jábọ̀, ẹ gbé páálí kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé rẹ̀ lórí pẹpẹ. Ọmọ tó bá tún ka ìwé náà ni kí ó ṣí i, kí ó sì fi nǹkan kẹfà kún un.