Frigo inú ọkọ̀ ojú omi: ẹ má jẹ́ kó pa bátìrì yín

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń gbé ọkọ̀ kékeré lórí ọ̀sà Àjàṣẹ́ níbí, ẹnikẹ́ni ò bi mí o, àmọ́ mo ní láti sọ ọ́. Ẹ má so frigo mọ́ bátìrì tẹ́ ẹ fi ń sítáàtì ẹ́ńjìnì! Èmi ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹja tutù nini nínú frigo, àfìgbà tá a dúró lọ́nà Aguégués tí ẹ́ńjìnì wá ń ṣe tẹ̀ tẹ̀ tẹ̀, kò jí, ọ̀pá la fi ti ọkọ̀ délé. Bátìrì méjì ni, ọ̀kan fún ẹ́ńjìnì, ìkejì fún frigo.

Ẹ wò ó, frigo kékeré oní 12 fólítì máa ń fa bí ámpíà 4 tó bá ń ṣiṣẹ́, ká ní ó ṣiṣẹ́ wákàtí 12 nínú 24, ámpíà-wákàtí (Ah) 48 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ bátìrì olómi tí wọ́n kọ 100 Ah sí lára, ìdajì ẹ̀ lẹ lè lò kó má baà tètè kú. Tí mítà bá ti sọ fólítì 12.2 lórí bátìrì yẹn nígbà tí nǹkan kan ò fà á, ẹ pa frigo.

Èyí tó ràn mí lọ́wọ́ jù ò tiẹ̀ náwó: iná ilé ni mo fi ń mú frigo tutù mọ́jú, màá wá to ìgò omi tó ti dì sínú ẹ̀. Ẹ má ki ohun gbígbóná bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sì lé àwọn ọmọ tó ń ṣí i ṣáá (tèmi ò gbọ́ràn). Wáyà tínrín náà ń jẹ iná, ẹ ra èyí tó nípọn.